Mo so ó, mo tún lọ tú u: ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Manchester, àti bébà ara fíríìjì mi

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ilé ìwòsàn aládàáni tó bá mi ṣí ọ̀nà ọmọ tí mo ti ní kí wọ́n dí tẹ́lẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Nínú mẹ́rin yẹn, dókítà ló ni méjì, àwọn nọ́ọ̀sì ló ni ọ̀kan, bébà kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé ló ni ìkẹrin. Èyí tí mo yọ, àwọn tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn ló jẹ ẹ́, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Iṣẹ́ kéà, ìyẹn títọ́jú arúgbó àti aláìlera, ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, mi ò ráàyè bá lọ́yà ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2014 ni mo bí ọmọ mi kẹta. CS ni wọ́n fi gbé e, bí wọ́n ṣe fi gbé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà náà. Dókítà ti bá wa sọ ọ́ ní kíníìkì kí ọjọ́ tó pé: inú tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò yẹ kéèyàn tún máa fi ṣeré, ṣé kí àwọn kúkú dí ọ̀nà ọmọ nígbà tí àwọn bá ti wà níbẹ̀? Mo ní kí wọ́n dí i. Ọkọ mi ìgbà yẹn ní kí wọ́n dí i. Màámi ní Ìbàdàn nìkan ló fárígá lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó bá so ó láyé yìí, àgàn ló máa jẹ́ tó bá padà wá ni?"

Mo ní, "Màámi, tí mo bá padà wá, mi ò tiẹ̀ ní lọ́kọ."

A fi rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó náà tú ká lọ́dún 2018, ìyẹn ò sì kan ìtàn yìí. Lọ́dún 2021 mo fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá kan tí kò tíì bímọ rí. Kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ ni mí lára. Ìyá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tó bá ti béèrè iṣẹ́ àti òtútù, á wá rọra ní, "Ara ńkọ́, ìyàwó mi?" Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ irú "ara ńkọ́" tí mò ń wí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá GP mi, dókítà àdúgbò. Ọmọbìnrin náà ò fi ọ̀rọ̀ gún mi lára, ṣùgbọ́n kò fi ibì kan pamọ́: NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í sábà sanwó láti tún túùbù ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ní kí wọ́n dí i ṣe, bẹ́ẹ̀ ni IVF ọ̀fẹ́ (kí wọ́n po ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ) kò sí fún mi, torí mo ti lọ́mọ nílé. Ó ní kí n lọ wá aládàáni.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé "wọ́n so ó", bí ẹni pé ẹnu àpò gàrí ni, tí èèyàn á kàn fa ìdí okùn, tí á tú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méje gbáko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Túùbù méjì ni ẹyin obìnrin ń gbà wá sínú ilé ọmọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gígùn ìkọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 lọ. Àwọn dókítà kan á ká a bí ẹní ká okùn, wọ́n á dè é, wọ́n á gé orí ibi tí wọ́n ká sọnù. Àwọn kan á fi iná jó o. Àwọn kan á fi òrùka rọ́bà kékeré fún un lọ́rùn. Lóde òní, àwọn kan ń yọ gbogbo túùbù dànù pátápátá, torí wọ́n ní ó ń dín ewu jẹjẹrẹ kù. Tèmi, kílíìpù ni. Filshie ni wọ́n ń pè é, orúkọ Marcus Filshie, dókítà ní Nottingham tó ṣe é jáde. Táíténíọ̀mù ni, wọ́n fi sílíkóònù tẹ́ inú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an ní Britain níbí nígbà tí wọ́n ṣe tèmi.

Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí kílíìpù bá há mọ́, ibẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Èyí tó kù wà láàyè, ó ṣì ṣeé rán pọ̀. Èyí tí iná bá jó, ó máa ń jó kọjá ibi tí ojú rí. Ẹni tí wọ́n sì ti yọ gbogbo túùbù fún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rán mọ́ ohun kan. IVF nìkan ló kù fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun mìíràn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí mo ṣe mọ ilé ìwòsàn tí mo yàn. Ibi mẹ́ta ni mo pè. Ti àkọ́kọ́, kí n tó sọ tán ni ọmọ náà ti ń ka nọ́ńbà àkáǹtì tí mo máa fi £500 ránṣẹ́ sí. Ti ìkejì bi mí léèrè ọjọ́ orí mi, ó ní "ó dáa," ó ní ọjọ́ wo ló wù mí. Ti ìkẹta, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì wọn kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí ni wọ́n fi dí i?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ má tíì sanwó. Ẹ lọ gba ìwé iṣẹ́ abẹ ọjọ́ yẹn wá, ká kà á ná." Ibẹ̀ ni mo lọ.

Mo kọ ìwé sí ilé ìwòsàn tí mo ti bímọ pé mo fẹ́ fáìlì mi. Ẹ̀tọ́ ẹni ni lábẹ́ òfin ìlú yìí, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù pé ni ímeèlì wọn dé, ojú ewé 214. Ìlà kan péré ni mo nílò nínú rẹ̀, tí dókítà kan fi ìwé kíkọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ kọ: Filshie méjì, ọ̀tún àti òsì. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé, mo ń wo ìlà yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ kò tiẹ̀ fi ìṣẹ́jú kan kọ ọ́.

Ọkọ mi ló wa mọ́tò lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Nígbà tí a rí àmì ojú títì tó kọ Oldham, ó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi a máa kàwé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò fún lọ́la. Ó ní Oldham ni wọ́n ti bí Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, ní July 25, 1978. Ó ní túùbù ìyá rẹ̀ ló dí, bíi tèmi, pé torí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gan-an ni dókítà Steptoe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Edwards àti nọ́ọ̀sì Jean Purdy ṣe ń wá ọ̀nà tí wọn ò ní gba inú túùbù kọjá rárá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé ẹ fẹ́ ká yà síbẹ̀ ni àbí ká máa lọ?" Ó ní ká máa lọ.

Dókítà náà, Mista ni wọ́n ń pè é. Ní ìlú yìí, bí oníṣẹ́ abẹ bá ti ga dé ibì kan, kì í jẹ́ dókítà mọ́, Mista ni. Ó ka ìwé iṣẹ́ abẹ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yọ ọ̀pá inú bírò rẹ̀ jáde, ó gbé e lé ọwọ́ mi. Ó ní, "Ṣé ẹ rí ihò inú èyí? Ibi tí wọ́n fi kílíìpù sí lára túùbù yín, ihò rẹ̀ tún kéré jùyẹn lọ. Ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n rán nìyẹn." Mo ń yí ọ̀pá bírò yẹn ní ọwọ́. Mo ti rán aṣọ rí, mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa wá ihò abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjú sí ọkọ mi pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Ojú ọkọ mi yí padà díẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni wọ́n so." Mista rẹ́rìn-ín, ó ní tí ti ọkọ ò bá dáa, kí ni òun fẹ́ la inú ìyàwó fún? Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin obìnrin, ibi tí wọn ò bá ti béèrè ìyẹn kí wọ́n tó fún yín lọ́jọ́, ẹ gbé báàgì yín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi náà láti mọ bí ẹyin mi ṣe kù sí, wọ́n wọ̀n mí, wọ́n sì ní kí n dín ìwọ̀n kílò 6 kù kí n tó padà wá. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo dín in: mo fi iyán àti àmàlà alẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ó tún sọ ohun kan tó wọ̀ mí létí. Ó ní ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1999: wọ́n fi ọdún 14 tọ pinpin àwọn obìnrin tó ti so ó. Nínú àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 30 lọ nígbà tí wọ́n so ó, nǹkan bí 20 nínú 100 ló sọ pé àwọn kábàámọ̀. Àwọn tó ti lé ní 30, kò ju nǹkan bí 6 lọ. Mo ní, "Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà tèmi." Ó ní òun ti rí i nínú fáìlì.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú wẹ́ẹ̀bù wọn, pé obìnrin báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ló "lóyún" lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn. Mo bi Mista pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé oyún lẹ kà ni, àbí ọmọ?" Ní ilé wa, bí a bá rí aboyún, "àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní" là ń wí. A kì í tíì dá a lóríire. Ìgbà tí a bá gbóhùn ìyá, tí a gbóhùn ọmọ, la ń sọ pé ẹ kú ewu. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní oyún ni. Ó ní nínú àwọn oyún yẹn, òmíràn á wálẹ̀, òmíràn á sì há sínú túùbù, torí ibi tí òun bá rán á ní àpá, ẹyin sì lè dúró sí ibi àpá. Ó ní ewu yẹn pọ̀ fún mi ju fún obìnrin tí wọn ò fọwọ́ kàn túùbù rẹ̀ lọ, àti pé bí ọjọ́ orí bá ṣe ń sún mọ́ 40 ni ìrètí ń kéré sí i. Kò fi oyin kan án. Ìdí nìyẹn tó fi ní ìràwọ̀ méjì.

Owó. £5,600 ni wọ́n pè é, wọ́n ní "ohun gbogbo wà nínú rẹ̀". Ohun gbogbo ò sí nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ọkọ mi, £150. Ti ẹ̀jẹ̀ mi, £210. X-ray lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, £450. Mo pe ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní "ohun gbogbo" túmọ̀ sí ohun gbogbo ti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ bá fi owó ọkọ̀ ojú irin àti òtẹ́ẹ̀lì kún un, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé £740 ló bọ́ lọ́wọ́ wa. Èsúsú tí àwa obìnrin mẹ́wàá ń dá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi san èyí tó pọ̀ jù, èmi ló kàn lóṣù yẹn. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá Ìbejì tó ń gba owó náà jọ kàn ní, "Á bọ́ sí rere o."

March 2023 ni wọ́n ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó wá mú mi láàárọ̀ wo orúkọ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn?" Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ju mí lọ dáadáa, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà yẹn "àbúrò mi" ló ń pè mí. Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ, mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gbàdúrà." Ó ní, "Mo ti gbà á láti ìgbà tí mo ti rí orúkọ yín lórí ìwé."

Ojú àpá CS mi gan-an ni wọ́n gbà wọlé, nítorí náà n kò ní àpá méjì. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Mista ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: wọ́n gé ibi tó ti kú lábẹ́ kílíìpù kúrò, wọ́n fa orí méjèèjì tó kù súnmọ́ra, wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, wọ́n sì fi okùn tó tín-ín-rín ju irun orí lọ rán an pọ̀. Kí wọ́n tó pa inú dé, wọ́n fi omi aláwọ̀ búlúù sínú ilé ọmọ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń wò bóyá á jáde ní ẹnu túùbù. Tó bá jáde, ọ̀nà là.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé omi náà á padà wá sójú páàdì. Mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo wo páàdì mi, mo sì kígbe. Àwọ̀ aró gidi ni, èyí tó dúdú ṣújà yẹn, bí ẹni pé mo ti wọnú ìkòkò aró ní Ìtòkú jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, nígbà tó rí ohun tí mò ń wò, ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má mú mi rẹ́rìn-ín, inú ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ ti ìrọ̀rí mọ́ inú yín kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, àbúrò mi. Kí ẹ tó wúkọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni." Mo lo ìmọ̀ràn yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní alẹ́ Mista wá. Ọ̀tún, túùbù tó ṣẹ́kù fún mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, omi sì jáde wọ́rọ́wọ́rọ́. Òsì, sẹ̀ǹtímítà 5, ẹran ara sì ti lẹ̀ mọ́ ọn láti inú àwọn CS tí mo ti ṣe, ó ní láti tú u kúrò kó tó lè rán an. Omi jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Ó ní, "Ọ̀tún dáa gan-an. Òsì, mo sa ipá mi." Mo béèrè fún kílíìpù méjèèjì. Wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n kó wọn sínú ike kékeré fún mi. Wọn ò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Mo wò wọ́n títí.

Oúnjẹ wọn: ọbẹ̀ tòmátò tí kò mọ ata, kò mọ iyọ̀. Ibùsùn dáa. Ìrora náà kò tó ti CS, ṣùgbọ́n ti CS, ọmọ wà láyà ẹni tí èèyàn ń wò. Èyí, àpò oògùn ni mo gbé sórí ẹsẹ̀ nínú mọ́tò lọ sílé.

Nínú àpò oògùn yẹn ni bébà wà. A4 kan ṣoṣo, lẹ́tà ńláńlá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kà á fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kà á ní Yorùbá, ó ní kí n kà á padà fún òun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: tí nǹkan oṣù mi bá ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí n ṣe ìdánwò. Tó bá gbé ìlà méjì, kí n má dúró de GP, kí n pe ẹ̀ka tó ń tọ́jú oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an, kí n sì sọ gbólóhùn kan pàtó: "Wọ́n ti rán túùbù mi." Kí wọ́n fi síkáànì wò mí nígbà tí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n rí i pé inú ilé ọmọ ló wà. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dùn mí, tí mo rí ẹ̀jẹ̀, tí èjìká ń ta mí láìsí ìdí, tàbí tí òòyì ń kọ́ mi, kí n pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Mo lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́fíìsì wọn. Tí ẹ bá pè, ẹ ó gbọ́ orin fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì á máa pè mí lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè. Mo ṣe X-ray ní June: wọ́n tún ti omi oògùn sínú ilé ọmọ, wọ́n ń wò ó lójú ẹ̀rọ. Ó dùn mí ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, kí ẹ gbé oògùn ìrora mì kí ẹ tó lọ. Ọ̀tún là. Òsì pẹ́ díẹ̀, òun náà là.

January 2024, nǹkan oṣù mi pẹ́. Ìlà méjì. Mo dúró ní ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀pá ìdánwò lọ́wọ́, mo ń ka bébà ara fíríìjì bí ẹni tí kò kà á rí. Mo pe ẹ̀ka náà, mo sọ gbólóhùn yẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ohùn ẹni tó gbé fóònù sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tún pe ọ́fíìsì Manchester láti sọ fún wọn, torí wọ́n ti ní ká máa sọ. Ọmọ náà pariwo ayọ̀, ó ní òun ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Síkáànì: ilé ọmọ ṣófo. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn wákàtí 48, họ́mọ̀ọ̀nù oyún ń gòkè ṣùgbọ́n kò gòkè bó ṣe yẹ. Síkáànì kejì, wọ́n rí i. Òsì ni. N kò ní ìrora kankan. Wọ́n ní nítorí pé ó ṣì kéré, tí kò sì tíì bẹ́, kò ní gba abẹ. Abẹ́rẹ́ methotrexate, oògùn tí kò ní jẹ́ kí oyún náà dàgbà mọ́, ni wọ́n gún mi ní ìdí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́jọ́ kẹrin àti lọ́jọ́ keje, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí nọ́ńbà fi dé ilẹ̀. Wọ́n ní kí n má lóyún fún oṣù mẹ́ta. Dókítà obìnrin tó ń wò mí ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú rẹ̀, ìgbà tó bá ti bẹ́ ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ó béèrè ẹni tó ní kí n tètè wá. Mo ní bébà ni.

Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Ọjọ́ Àìkú yẹn, ìyá ọkọ mi pè. "Ara ńkọ́, ìyàwó mi?" Mo ní, "Ara le, mà." Ọkọ mi dìde kúrò nínú pálọ̀.

Ẹ ó bi mí pé ṣé IVF kọ́ ló yẹ kí n ti ṣe. Mi ò mọ ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó nìyí. IVF, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni owó kọ̀ọ̀kan, tí kò bá mú, owó ti lọ. Èyí tí mo ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sanwó, oṣooṣù ni mo sì ń gbìyànjú nínú ilé mi. Tí mo bá ti lé ní 40 ni, tàbí tí àyẹ̀wò ọkọ mi ò dáa, tàbí tó bá jẹ́ iná ni wọ́n fi jó túùbù mi, IVF ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ ṣe. Kílíìpù ni tèmi, ọmọ ọdún 37 ni mí nígbà náà. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìràwọ̀ tí mo yọ wàyí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń lọ síṣẹ́ alẹ́, fóònù mi dún. Ímeèlì láti ọ́fíìsì Manchester ni, àwòrán bàtà ọmọ ọwọ́ sì wà lókè rẹ̀. Ẹ kú oríire, ẹ má gbàgbé láti fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ sí wa. Mo ti sọ fún wọn o. Mo ti pè wọ́n lọ́jọ́ tí mo gba abẹ́rẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo tún pè, mo gbọ́ orin títí ẹnì kan fi gbé e. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí gan-an, mo sì gbà pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dénú. Mo ní mo kàn ní ìbéèrè kan. Iye àwọn tó lóyún tí ẹ kọ síwájú wẹ́ẹ̀bù yín, ṣé mo wà nínú rẹ̀? Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ wà níbẹ̀."

Mo ní kó yọ mí. Ó ní òun ò ní àṣẹ, òun á bá ọ̀gá òun sọ ọ́. Mo tún fi ímeèlì béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì fèsì.

Bébà náà ṣì wà lára fíríìjì. Igun rẹ̀ kan ti ya, ọmọ mi kékeré ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.